Odi Kétu Kò Lè Dá Àrùn Dúró

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbọ́ ohùn mi lórí rédíò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ omi, ọ̀rọ̀ oyún, ọ̀rọ̀ ibà àti abẹ́rẹ́ ọmọ ni mo sábà máa ń bá yín sọ. Lónìí, ìtàn ni mo gbé wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ọmọ tó wà lẹ́yìn yín ni ìtàn náà kàn.

Ìyá kan tó ń ta gààrí ló dá mi dúró lọ́jọ́ ọjà. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, wọ́n ní àwọn agbébọn ń da àwọn ará Alibori àti Atacora láàmú lókè lọ́hùn-ún, àwọn èèyàn ń sá kúrò nílé wọn. Ogun lèyí o. Ẹ̀yin sì wà níbí, abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ ṣáá lẹ ń pariwo. Kí ló pa abẹ́rẹ́ pọ̀ mọ́ ogun?" Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ìdáhùn mi nìyí. Ó gùn díẹ̀, ẹ gbà mí láyè.

Ìlú tó ní odi

Gbogbo wa la mọ Àkàbà Ìdènà. Ọmọ Kétu kì í dàgbà láìgba ẹnubodè yẹn kọjá. Láyé àtijọ́, odi ńlá àti yàrà jíjìn ló yí ìlú wa ká, ẹnubodè yẹn ni wọ́n sì ń ṣọ́ tọ̀sán tòru. Àwọn àgbà wa ní nígbà tí wọ́n tẹ ìlú dó, wọ́n ní bí kò ti sí ẹni tó lè tún iké ṣe kó tọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè tú ìlú yìí. Wọ́n ní ibẹ̀ ni orúkọ Kétu ti jáde.

Ṣùgbọ́n ìlú tú. Ní 1883, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì, lábẹ́ ọba Glèlè, kọlu Kétu, wọ́n sì pa Alákétu Òjèkú. Àwọn tó kù kò sá lọ tán. Wọ́n padà sínú ìlú, wọ́n tún un ṣe. Ni ogun bá tún dé. Lọ́tẹ̀ kejì yìí, Dàhòmì dó ti ìlú, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí oko lọ. Ní 1886, Kétu ṣubú. Wọ́n sun ilé, wọ́n kó ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé lẹ́rú lọ sí ọ̀nà Àgbómẹ̀. Ìlú di ahoro títí Faransé fi ṣẹ́gun Béhanzin, ọmọ Glèlè. Ní nǹkan bí 1893 àti 1894 ni àwọn ọmọ Kétu tó kù láàyè bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé láti tún ilé kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ná ọjà Kétu lónìí, ọmọ àwọn tó padà wálé yẹn ni wá.

Àwọn ọkùnrin ló sábà máa ń sọ ìtàn yìí, ọ̀rọ̀ ìbọn àti idà ni wọ́n sì máa ń fi sọ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú ìyá ọmọ wò ó. Oko wà lẹ́yìn odi. Àgbàdo, iṣu, ẹ̀wà, gbogbo rẹ̀ wà níta lọ́dọ̀ ọ̀tá. Ọjà ti. Orí ilẹ̀ gíga tiwa yìí, omi kò fìgbà kan pọ̀ níbẹ̀, ẹ mọ bí a ṣe ń jìyà omi lẹ́ẹ̀rùn. Àwọn ará abúlé ti sá wọ inú ìlú, ilé tí èèyàn mẹ́fà ń gbé ti di ti ogún. Wọ́n jọ ń sùn lórí ẹní kan, wọ́n jọ ń mu nínú igbá kan. Ìyá tí kò jẹun, ọmú rẹ̀ ń gbẹ. Ọmọ tó bá ṣu omi níbẹ̀, omi wo lẹ fẹ́ fi fọ̀ ọ́?

Ẹ ò nílò kí òpìtàn sọ ìyókù fún yín. Ẹ̀yin fúnra yín lè sọ ọ́.

Ọ̀tá tí ojú kò rí

Ní gbogbo àsìkò ogun yẹn, ọ̀tá mìíràn wà tí kì í kan ilẹ̀kùn. Ṣọ̀pọ̀nná ni. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa kì í pe orúkọ yìí bẹ́ẹ̀. Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí Ilẹ̀ẹ́gbóná, tàbí Ọbalúayé. Ẹ foríjì mí. Èmi kò bá ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni jà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe, mo sì gbọ́dọ̀ pe àrùn lórúkọ kí a lè mọ ohun tí à ń bá jà.

Ẹ gbọ́ bí àrùn náà ṣe ń ṣe. Láti ara ẹnì kan ló ń lọ sí ara ẹlòmíràn, nípasẹ̀ èémí, nípasẹ̀ ara kíkàn, nípasẹ̀ aṣọ tí aláìsàn fi bora. Ẹni tó bá kó o lónìí, ó lè tó bí ọjọ́ méjìlá kí ara rẹ̀ tó gbóná. Láàárín ọjọ́ méjìlá yẹn, kò ní mọ̀ rárá. Yóò jẹun, yóò rìn, yóò gbé ẹrù. Lẹ́yìn náà ni ibà líle yóò dé, ara yóò sì sú. Nínú ẹni mẹ́wàá tó bá mú, ó lè pa mẹ́ta. Ẹlòmíràn tó yè lè fọ́ lójú. Bí ẹ bá wo ojú àwọn àgbà wa kan dáadáa, ẹ ó rí àpá rẹ̀ níbẹ̀ títí di òní.

Ẹ wá rò ó. Láti Kétu dé Àgbómẹ̀, ìrìn ọjọ́ díẹ̀ ni fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ọmọ ogun lè kó àrùn ní ibùdó, kó padà sílé, kó gbé ọmọ rẹ̀ lé itan, kó jókòó sọ ìtàn ogun, kó tó di pé ara rẹ̀ gbóná. Ẹrú tí wọ́n so mọ́ ara wọn lókùn ń gbé e lọ. Obìnrin tó sá kúrò ní abúlé kan ń gbé e dé abúlé kejì. Ogun ni kẹ̀kẹ́ tí àrùn ń gùn.

Kò sì yọ ọba sílẹ̀. Kpengla, ọba Dàhòmì, ṣọ̀pọ̀nná ló pa á ní 1789. Gẹ̀zò, bàbá Glèlè, kú ní 1858. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n ní ìbọn ọmọ Kétu ló bà á nígbà tó ń ti ogun Ẹkpo bọ̀. Àwọn mìíràn ní ṣọ̀pọ̀nná ló pa á. Èmi kì í ṣe adájọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé àwọn èèyàn ayé ọjọ́un gbà pé ọba tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun, tọkùnrin tobìnrin, lè ti ojú ogun dé kí àrùn ara sísú sì gbé e lọ. Àwọn ọba Àgbómẹ̀ bẹ̀rù Sakpata, bí àwọn Fọ̀n ti ń pè é, débi pé ìgbà kan wà tí wọ́n lé àwọn àwòrò rẹ̀ kúrò nílùú. Lílé tí wọ́n lé àwòrò, kò lé àrùn.

Róòmù náà tọ́ ọ wò

Kí ẹ má baà rò pé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ìlú Róòmù, níbi tí Póòpù ń gbé lónìí. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kan àti ẹgbẹ̀rin ó lé sẹ́yìn, Róòmù ló ń jọba lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, Íjíbítì àti àríwá Áfríkà. Ní ọdún 165, ọmọ ogun wọn wà ní ìlà-oòrùn, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìráàkì lónìí, wọ́n ń bá àwọn ará Parthia jà. Wọ́n ṣẹ́gun, wọ́n kó ìlú Seleucia tó wà létí odò Tigris. Wọ́n kó ẹrù, wọ́n kó ẹrú, wọ́n ń kọrin bọ̀ wálé.

Àrùn bá wọn wálé. Gbogbo ibi tí ọmọ ogun bá sùn sí lọ́nà ló ń ràn dé. Dókítà kan wà tó ń jẹ́ Galen, ó rí àwọn aláìsàn náà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀: ara gbígbóná, inú ṣíṣu, àti ara sísú dúdú tó ń di èépá tó sì ń bọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ lóde òní rò pé ṣọ̀pọ̀nná ni, tàbí ìbátan rẹ̀. Nígbà tí àrùn náà tún padà dé, òpìtàn kan tó ń jẹ́ Cassius Dio kọ ọ́ pé ní Róòmù nìkan, ìgbà mìíràn wà tí 2,000 èèyàn ń kú lójúmọ́.

Àrùn náà pa àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń ṣọ́ ẹnu ààlà. Àwọn ẹ̀yà tó wà ní òdìkejì odò Danube rí i pé ẹnu ààlà ti ṣí, wọ́n sọdá, wọ́n jà dé ilẹ̀ Ítálì fúnra rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Róòmù lọ bá ẹlòmíràn jagun, ogun mú àrùn wá, àrùn ṣílẹ̀kùn fún ogun mìíràn.

Ohun kan tún wà nínú ìwé Dio yẹn tó jẹ́ kí n dákẹ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Ó ní wọ́n gbà pé àwọn kan wà tí wọ́n sanwó fún láti fi májèlé sẹ́nu abẹ́rẹ́ kéékèèké, kí wọ́n máa fi gún èèyàn. Kò tíì sí abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn láyé nígbà náà o! Síbẹ̀, nígbà tí ikú pọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí rẹ̀, abẹ́rẹ́ ni wọ́n dá lẹ́bi. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ọ lọ́jà pé abẹ́rẹ́ ọmọ ni wọ́n fi ń pa wá, ẹ mọ̀ pé àhesọ náà ti dàgbà ju gbogbo wa lọ.

Ohun tí àwọn àgbà wa ti mọ̀

Àwọn àgbà wa kò jókòó lásán. Bí àrùn náà bá wọ ilé kan, wọ́n á fi màrìwò sẹ́nu ọ̀nà kí àlejò má wọlé. Wọn kì í lu ìlù, wọn kì í kóra jọ. Ẹ lè pè é ní èèwọ̀. Èmi tó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo mọ̀ pé yíya aláìsàn sọ́tọ̀ ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún ẹni tó kọ́kọ́ rò ó.

Ní àwọn ibì kan nílẹ̀ Áfríkà, wọ́n tún mọ ohun mìíràn. Wọ́n á mú díẹ̀ nínú omi egbò ẹni tí ṣọ̀pọ̀nná mú, wọ́n á fi sójú gbẹ́rẹ́ lára ẹni tó lera. Àrùn tó máa ṣe onítọ̀hún á mọ níwọ̀n, lẹ́yìn náà kò tún ní mú un mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà, Onesimus ni wọ́n sọ ọ́ lọ́hùn-ún, òun ló ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ ní ìlú Boston, ó sì fi àpá rẹ̀ hàn án. Nígbà tí ṣọ̀pọ̀nná jà ní Boston ní 1721, ó pa ju 800 èèyàn lọ. Àwọn tí dókítà kan sín ní gbẹ́rẹ́ bí ọkùnrin yẹn ṣe wí, díẹ̀ ló kú nínú wọn. Nígbà tó di 1796, Edward Jenner nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí èyí tó dára jù ú lọ lára màlúù. Ibẹ̀ ni àjẹsára òde òní ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ohun òyìnbó ni abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ sọ fún un pé ọwọ́ aláwọ̀ dúdú wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti rú, ẹni burúkú a máa jẹ níbẹ̀. Ní Èkó, ọmọ Yorùbá kan tó jẹ́ dókítà, Oguntola Sapara, wọ inú ẹgbẹ́ àwọn aláwo Ṣọ̀pọ̀nná láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé dókítà ni òun. Ó jáde wá sọ pé àwọn kan níbẹ̀ ń fi ohun tí wọ́n gé lára aláìsàn tan àrùn náà, nítorí pé ẹrù ẹni tó bá kú di tiwọn. Ìjọba sì fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Gbẹ́rẹ́ yẹn kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é nílé lónìí o. Ó léwu. Mo kàn sọ ìtàn ni.

Ìgbà tí ogun dé tí àrùn kò sí níbẹ̀

Ibí ni ìdáhùn fún ìyá onígààrí yẹn wà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1966, dókítà kan láti Amẹ́ríkà, William Foege, wà ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, lágbègbè Ògójà. Ṣọ̀pọ̀nná bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, àjẹsára tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì tó fún gbogbo èèyàn. Kí ló ṣe? Rédíò ló lò! Àwọn míṣọ́nnárì tó wà káàkiri agbègbè yẹn máa ń fi rédíò bára wọn sọ̀rọ̀ ní agogo méje alẹ́. Ó pín àwòrán ilẹ̀ náà fún wọn, ó ní kí oníkálukú rán èèyàn dé gbogbo abúlé tó yí i ká láti béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ara sísú. Ibi tí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á sáré fún gbogbo èèyàn tó yí aláìsàn náà ká ní àjẹsára. Àrùn kò rí ẹni tó máa gùn mọ́. Ó kú síbi tó wà.

Ní oṣù Keje ọdún 1967, ogun Biafra bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ yẹn gan-an. Ẹ̀yin náà gbọ́ nípa ogun yẹn. Wọ́n dó ti àwọn èèyàn, ebi pa ọmọdé débi pé ikùn wọn wú, ọ̀kẹ́ àìmọye sá kúrò nílé, wọ́n kún inú àgọ́. Gbogbo ohun tí ṣọ̀pọ̀nná fẹ́ ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pa á mọ́lẹ̀ kí ìbọn tó dún. Ebi àti èèyi ló jà láàárín àwọn ọmọ yẹn, ó sì burú púpọ̀. Ẹ wo bí ì bá ti rí ká ní ṣọ̀pọ̀nná tún wà pẹ̀lú wọn!

Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe ní ogún orílẹ̀-èdè ní ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfríkà, Dàhòmì tiwa yìí sì wà lára wọn. Àwọn tó ti di àgbà nínú yín lè rántí ẹ̀rọ tó dà bí ìbọn tí wọ́n ń gbé sí apá èèyàn lórí ìlà. Ní 1970, ṣọ̀pọ̀nná tán ní ìwọ̀-oòrùn Áfríkà. Ní 1977, a rí ẹni ìkẹyìn tó ṣèèṣì kó o láwùjọ, ní Sòmálíà. Ní 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò láyé. Àrùn tó pa ọba Àgbómẹ̀, ẹ̀yin ìyá tí ẹ na apá ọmọ yín lẹ lé e lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé abẹ́rẹ́ kan ọ̀rọ̀ ogun. Nígbà tí ogun bá dé, kò sí àyè fún abẹ́rẹ́ mọ́. Ohun tí a ti ṣe kó tó dé ló máa gba ọmọ là.

Èyí tó kù lọ́wọ́ wa

Ṣọ̀pọ̀nná lọ, èèyi kò lọ. Èèyi ni àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní *rougeole*. Ó tilẹ̀ yára ràn ju ṣọ̀pọ̀nná lọ. Bí ọmọ mẹ́wàá tí kò gba abẹ́rẹ́ bá wà nínú ilé pẹ̀lú ẹni tó ní in, mẹ́sàn-án lè kó o. Ọmọ á sì ti máa fi ran ẹlòmíràn ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin kí ara rẹ̀ tó sú. Ó lè pa ọmọ tí kò jẹun dáadáa, ó sì lè fọ́ ọ lójú.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí kò rọrùn fún mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá fún abẹ́rẹ́ èèyi. Ọjọ́ ti kọjá, ó ju oṣù méjì lọ. Ọjà ló ní ó dí òun lọ́wọ́. Mo bá a wí níwájú gbogbo èèyàn, mo pè é ní aláìbìkítà. Lọ́jọ́ yẹn, èèyàn pọ̀, mo ní kó jókòó kó dúró. Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, ó ti lọ. Kò padà wá mọ́, àfi ọjọ́ tí èèyi ti mú ọmọ náà tí èémí rẹ̀ kò já gaara. Ọmọ náà kò yè é. Ìyá yẹn kò sọ̀rọ̀ sí mi. Ó kàn wò mí. Láti ọjọ́ náà, mi ò pariwo mọ́ ìyá tó pẹ́ dé. Ẹni tó pẹ́, ó dé. Bí nọ́ọ̀sì kan bá sì pariwo mọ́ yín, ẹ má fi ìbínú gbé ọmọ lọ. Ẹ jókòó, ẹ gba abẹ́rẹ́ náà, kí ẹ tó bá a jà.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ wo karinẹ́ ọmọ yín lálẹ́ òní. Bí ọmọ bá ti pé oṣù mẹ́sàn-án, abẹ́rẹ́ èèyi àti ti ibà pọ́njú ti tó. Ìkejì èèyi tún wà nígbà tó bá lé ní ọdún kan, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì kọ ọjọ́ rẹ̀ sí i fún yín. Bí ọjọ́ abẹ́rẹ́ bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ẹ fi ọjà sọ́wọ́ ẹnìkejì yín, kí òun náà fi tirẹ̀ sọ́wọ́ yín lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ fi karinẹ́ sínú ọ̀rá, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí owó yín wà, torí bí ìrìn òjijì bá dé, òun ló máa sọ fún nọ́ọ̀sì ibòmíràn ohun tí ọmọ ti gbà.

Bí ara ọmọ bá gbóná tó sì sú, ẹ má pọ̀n ọ́n wá sọ́jà. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní kíá. Oògùn tó ń dáàbò bo ojú rẹ̀ wà níbẹ̀.

Bí àlejò bá sì dé láti òkè tàbí láti òdìkejì ààlà, ẹni tí ogun lé kúrò nílé, ẹ má sá fún un. Àwọn ìyá ńlá wa náà ti jẹ́ àlejò rí, wọ́n ti fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti oko ẹrú pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ẹ fún un lómi, ẹ fún un lónjẹ, kí ẹ wá rọra béèrè pé, "Ìyá, ṣé ọmọ yìí ti gba abẹ́rẹ́?" Bí kò bá tíì gbà á, ẹ mú un wá bá wa.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. A ti gbọ́ o. Odi Kétu ti wó, Àkàbà Ìdènà ti di ohun tí àwọn àlejò ń wá wò. Apá ọmọ yín ni odi tó kù.

Kí Ọlọ́run bá wa wo àwọn ọmọ wa.